Jasẹ́ǹtì Orí Omi Wa: Bí Ẹ̀dá Ṣe Ń Pọ̀ àti Ohun Tí Ń Dá A Dúró

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò tíì gbọ́ orúkọ òjúoró àti òṣíbàtà lẹ́nu àwọn àgbà nígbà tí wọ́n bá ń súre. Àwọn ewé méjèèjì yìí ni wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ ẹni tí yóò lékè, nítorí pé omi kì í bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ojú omi láti Àjàṣẹ́ lọ sí àwọn abúlé Aguégué ní oṣù kẹwàá ọdún yóò rí i pé ewé mìíràn ti gba ipò mọ́ wọn lọ́wọ́. Ewé náà nípọn, ó ń dán, ọ̀pá rẹ̀ wú bí ẹni pé a fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú, òdòdó rẹ̀ sì ní àwọ̀ elésè àlùkò tí ó wu ojú. Àwọn Faransé ń pè é ní jacinthe d'eau. Nínú àròkọ yìí, jasẹ́ǹtì ni a ó máa pè é.

Àwa tí a ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ìmọ̀ nípa àwọn ẹ̀dá abẹ̀mí kì í ṣe ọdún kan kí a má kan orí tí ó sọ nípa bí iye ẹ̀dá ṣe ń pọ̀ sí i àti bí ó ṣe ń dínkù. Àpẹẹrẹ tí ìwé sábà máa ń fún wa ni ti ehoro ilẹ̀ Kánádà àti ẹranko kan tí ó jọ ológbò ńlá, tí wọ́n ń pè ní lynx, tí ó ń pa á jẹ. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ehoro a pọ̀, lynx náà a sì pọ̀ tẹ̀ lé e. Bí ehoro bá ti dínkù, ebi a pa lynx, òun náà a sì dínkù. Ẹ̀kọ́ náà péye. Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí yìnyín rí láyé rẹ̀ a há a sórí, a kọ ọ́ sínú ìdánwò, a sì fi í sílẹ̀ sórí tábìlì ìdánwò náà. Bẹ́ẹ̀ ni omi tí àwọn òbí rẹ̀ fi ń jẹun wà nítòsí, tí ẹ̀kọ́ kan náà ń ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀ lọ́dọọdún. Ìdí nìyí tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi jasẹ́ǹtì kọ́ orí ìwé yìí. Ohun tí ó hàn sí wa nínú rẹ̀ ni a fẹ́ fi tó ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ létí, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ré kọjá ìdánwò.

Jasẹ́ǹtì kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Agbègbè odò Amazon ní gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, ní ilẹ̀ Brazil níbi tí àwọn baba ńlá àwọn Àgùdà Àjàṣẹ́ ti padà wálé. Ẹwà òdòdó rẹ̀ ni ó jẹ́ kí àwọn ènìyàn máa gbé e kiri ayé láti fi ṣe ọ̀ṣọ́ inú adágún àti ọgbà. Ní ìparí àwọn ọdún 1970 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í rí i lórí omi ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Kí ọdún díẹ̀ tó kọjá, ó ti gba odò Wẹ̀mẹ̀, ó ti dé ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti adágún Nokoué.

Báwo ni ewé kan ṣe lè ṣe èyí? Jasẹ́ǹtì ní èso, ṣùgbọ́n kì í dúró de èso kí ó tó bímọ. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ń yọ ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ ni òun náà ń na okùn kékeré jáde lójú omi, ọmọ a sì yọ ní orí okùn náà. Bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí oúnjẹ sì wà nínú rẹ̀, iye rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. A máa ń ní kí àwọn ọmọ kíláàsì ṣe ìṣirò náà fúnra wọn, kí wọ́n mú ọjọ́ 15 fún ìlọ́po méjì kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kan di 2, 2 di 4, 4 di 8. Ní ìlà kẹta yìí, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Ní ìlà kẹwàá, ó ti di 1,024, ẹ̀rín a sì dínkù. Ní òpin oṣù kẹjọ, ó ti di 65,536. Bí ọdún bá fi yí po láìsí ohun tí ó dá a dúró, ó ti kọjá mílíọ̀nù 16, láti ara ẹyọ kan ṣoṣo tí ẹnì kan lè fi ọwọ́ kan mú jù sẹ́yìn ọkọ̀.

Lẹ́yìn ìṣirò yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọbìnrin tí ìyá rẹ̀ ń gbé ẹja láti orí omi wá sí ọjà, na ọwọ́ sókè. Ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́, olùkọ́, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kò tíì bo gbogbo ayé? Bí a bá sì ń kó o lọ́dọọdún, kí ló dé tí kò tán?” Ìbéèrè méjì ni ó bi wá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó bá lè dáhùn méjèèjì ti mọ ìpìlẹ̀ ìmọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dáhùn èyí àkọ́kọ́. Ní ọdún 1838, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù kan tí ó jẹ́ onímọ̀ ìṣirò, Pierre-François Verhulst, ṣàlàyé pé kò sí ẹ̀dá tí ó lè máa di ìlọ́po méjì títí ayé. Bí àyè bá ti ń kún, tí oúnjẹ sì ń dínkù, ìbísí a máa falẹ̀, títí yóò fi dé ibi tí iye tí ń kú àti iye tí a ń bí yóò dọ́gba. Bí a bá yà á sórí pátákó, ilà náà a kọ́kọ́ rọra gòkè, a ta sókè fòò, a sì wá tẹ́ pẹrẹsẹ. Ibi tí ó ti tẹ́ yìí ni ìwé Faransé ń pè ní capacité limite. A máa ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé ìwọ̀n tí ilé lè gbà ni. Gbogbo ẹni tí ó ti sùn sínú yàrá kan pẹ̀lú ọmọ ìyá mẹ́jọ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ń sọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àyè nìkan ni ó ń dá ẹ̀dá dúró. Lórí adágún Nokoué, iyọ̀ ni olùdarí àkọ́kọ́. Ní ọdún 1885 ni a la ojú omi ní Kútọnu, tí adágún àti òkun fi ń pàdé. Láti ìgbà náà ni omi adágún ti ń yí ìwà padà pẹ̀lú àsìkò. Nígbà tí òjò àríwá bá rọ̀ tán, tí Wẹ̀mẹ̀ kún, ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá, omi tútù tí kò níyọ̀ a ya wọlé, jasẹ́ǹtì a sì tẹ̀ lé e láti òkè odò bí ẹní tẹ́ ẹní. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, òkun a ti omi iyọ̀ wọlé, jasẹ́ǹtì a pọ́n, a rà, a sì rì. Bàbá apẹja kan tí a máa ń wọ ọkọ̀ rẹ̀ sọ fún wa pé: “Ẹ̀yin ọmọ ìwé, iyọ̀ ni dókítà omi yìí.” Òótọ́ ni bàbá sọ. Iyọ̀ kan náà tí ó pa jasẹ́ǹtì ni ó ń mú edé àti àwọn ẹja etí òkun wọlé. Ohun tí ó jẹ́ ikú fún ẹ̀dá kan lè jẹ́ ìyè fún òmíràn nínú omi kan ṣoṣo. Síbẹ̀, ìwòsàn náà ní ìyà tirẹ̀: ewé tí ó ń rà a máa jẹ afẹ́fẹ́ inú omi tán, ẹja tí kò bá rí ọ̀nà sá a sì kú.

Kí ló wá dé tí jasẹ́ǹtì kò fi di àjàkálẹ̀ lórí gbogbo omi ilé rẹ̀ ní Amẹ́ríkà? Nítorí pé ní ibẹ̀, ó ní àwọn tí ń jẹ ẹ́. Àwọn kòkòrò wà tí kò ní oúnjẹ mìíràn yàtọ̀ sí i. Àwọn ènìyàn gbé ewé náà sọdá òkun, wọ́n sì fi ọ̀tá rẹ̀ sílẹ̀ sílé. Èyí ni kókó tí a fẹ́ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wa mú lọ sílé: agbára ẹ̀dá kan kò sí nínú ara rẹ̀ nìkan, ó wà nínú àwọn tí wọ́n jọ ń gbé. Ewé kan náà tí ó jẹ́ aládùúgbò jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ní ibì kan di agbénilọ́nà ní ibòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni kò yí ìwà padà.

Orí òye yìí ni àwọn onímọ̀ gbé iṣẹ́ wọn kà. Láti ọdún 1991, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a mọ̀ sí IITA, tí ó ní ibùdó ní Abomey-Calavi, bẹ̀rẹ̀ sí í tú irú kòkòrò méjì sílẹ̀ lórí jasẹ́ǹtì: Neochetina eichhorniae àti Neochetina bruchi. Kòkòrò kéékèèké ni wọ́n, wọ́n jọ èyí tí ń lu ẹ̀wà, ẹnu wọn sì gùn. Àgbà wọn ń họ ojú ewé jẹ. Ìdin wọn ń gbẹ́ inú ọ̀pá ewé títí omi yóò fi wọ inú rẹ̀. Wọn kì í pa jasẹ́ǹtì lọ́jọ́ kan. Wọ́n ń jẹ́ kí ó kúrú, kí ó má tan òdòdó púpọ̀, kí ọmọ tí ó ń yọ dínkù. Kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀, wọ́n ti kọ́kọ́ dán wọn wò dájú pé wọn kò ní bá irè oko wa jà.

Ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ará omi kò kéré. Ní ọdún 1999, àwọn olùwádìí bi ọkùnrin 192 àti obìnrin 173 ní abúlé 24 ní gúúsù ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀. Ìṣirò wọn fi hàn pé, ní ìgbà tí jasẹ́ǹtì gbilẹ̀ jù lọ, nǹkan bí 200,000 ènìyàn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ń pàdánù owó tí ó tó mílíọ̀nù 84 dọ́là Amẹ́ríkà lọ́dún. Ẹja ni ti àwọn ọkùnrin. Ọjà ni ti àwọn obìnrin, nítorí pé ọkọ̀ tí ó gbé ẹja àti oúnjẹ kò rí ọ̀nà kọjá. Nígbà tí kòkòrò dín ewé kù, mílíọ̀nù 30.5 dọ́là lọ́dún ni ó padà sí ọwọ́ wọn. A máa ń ka àwọn iye yìí sí etí kíláàsì, a sì máa ń rí i pé àwọn ọmọ tí ilé wọn wà lórí omi kì í kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ń ronú. Owó ilé-ìwé àwọn ẹ̀gbọ́n wọn wà nínú iye náà.

Ẹ̀yin ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ tí kò ní adágún lè rò pé ọ̀rọ̀ ará omi ni. Ẹ wo ẹ̀gẹ́ inú oko yín. Ní àwọn ọdún 1970, kòkòrò funfun kan tí ó bo ara rẹ̀ bí ìyẹ̀fun wọ ilẹ̀ Áfíríkà láti Amẹ́ríkà kan náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká orí ẹ̀gẹ́ kò láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. Àwọn onímọ̀ padà lọ sí ìlú rẹ̀, wọ́n rí agbọ́n kékeré kan ní Paraguay tí ń yé ẹyin sí i lára. Ní ọdún 1981 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú agbọ́n náà sílẹ̀ láti Ìbàdàn. Hans Herren tí ó ṣe olórí iṣẹ́ náà gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní ọdún 1995. Gàrí tí a ń jẹ lónìí kò ṣẹ̀yìn agbọ́n tí ọ̀pọ̀ wa kò fi ojú rí rí.

Ẹ jẹ́ kí a wá dáhùn ìbéèrè kejì tí ọmọbìnrin náà bi wá: kí ló dé tí jasẹ́ǹtì kò tán? Ìdí mẹ́ta ni a fi ń yé wọn.

Ìdí kìn-ín-ní ni pé kòkòrò tí ó ń jẹ ẹ́ kò lè pa á tán láìpa ara rẹ̀. Bí ewé bá dínkù, oúnjẹ kòkòrò dínkù, kòkòrò a kú, ewé a sì tún rí àyè. Ọ̀rọ̀ ehoro àti lynx ni ó tún padà wá yìí, láìsí yìnyín. Lórí adágún Nokoué ó tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: nígbà tí iyọ̀ bá pa jasẹ́ǹtì, kòkòrò tí ó wà lára rẹ̀ bá a lọ. Lọ́dún tí ń bọ̀, ewé a wọlé pẹ̀lú ìkún omi, a sì máa bí sí i kí kòkòrò tó pọ̀ tó láti lé e bá.

Ìdí kejì ni pé àwa ni a ń bọ́ ọ. Ẹ̀gbin ilé, omi ṣáláńgá, pàǹtí ọjà, àti ajílẹ̀ tí òjò ń fọ̀ kúrò lóko ní gbogbo ọ̀nà tí Wẹ̀mẹ̀ gbà kọjá, títí kan ẹ̀bá Ṣábẹ̀ẹ́ àti Kétu, inú omi wa ni wọ́n ń bọ́ sí. Oúnjẹ ni wọ́n jẹ́ fún jasẹ́ǹtì. A ń fi ọwọ́ ọ̀tún fà á tu, a ń fi ọwọ́ òsì gbé àwo oúnjẹ síwájú rẹ̀. Níbi tí a bá ti ń bọ́ ọ lọ́nà yìí, ìwọ̀n tí ilé lè gbà ni a ń fi kún.

Ìdí kẹta ni àsìkò, òun ni ó sì kan ẹgbẹ́ wa jù. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìgbà tí omi bá ti dí pátápátá ni àwọn ènìyàn máa ń jáde lọ kó ewé. Ìlù a dún, àwọn ọ̀dọ́ a bọ́ sómi, a kó òkìtì rẹ̀ sí èbúté, a ya fọ́tò. Ìṣọ̀kan irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ dára, a kò sì ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí a bá kó ìdajì, ọjọ́ 15 péré ni ó nílò láti dá a padà. Bí a bá fi gbogbo agbára wa kó mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ó lè padà láàárín nǹkan bí ọjọ́ 50. Ẹ̀dá tí ń di ìlọ́po méjì kò ṣeé bá jà nígbà tí ó bá pọ̀. Ìgbà tí ó bá kéré ni a ń bá a jà.

Ìgbà wo ni ó kéré? Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí iyọ̀ ti bá wa pa èyí tí ó wà lórí adágún, tí gbogbo ènìyàn sì ti gbàgbé rẹ̀. Ìyókù a sá pamọ́ sí ibi tí iyọ̀ kò dé: kọ̀rọ̀ òkè odò, ẹsẹ̀ odò tí kò ṣàn, àti àwọn kòtò ẹja tí wọ́n gbẹ́ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Wẹ̀mẹ̀, tí wọ́n ń pè ní whédo. Ibẹ̀ ni irúgbìn ọdún tí ń bọ̀ wà. Ẹni kan tí ó fa ìtì mẹ́wàá tu ní oṣù kẹrin ti ṣe ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí wọ́n lu omi ní oṣù kẹwàá lọ. A kò sọ pé yóò tán pátápátá, nítorí pé èso rẹ̀ lè wà nínú ẹrẹ̀ fún ọdún tí ó lé ní 15 kí ó tó hù. Ohun tí a ń sọ ni pé ó lè kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kòkòrò àti iyọ̀ yóò fi lè ṣe iṣẹ́ tiwọn.

Àwọn kan ń sọ pé kí a kúkú máa lò ó. Wọ́n ń sọ òótọ́. Ní ibùdó Songhaï ní Àjàṣẹ́, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1985, wọ́n ń lo jasẹ́ǹtì láti fi ṣe gáàsì ìdáná àti ajílẹ̀. Ohun tí ó bàjẹ́ lójú omi lè sanra lójú ilẹ̀. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni a ní: kí ẹni tí ń fi í ṣòwò má di ẹni tí ń gbàdúrà kí ó má dínkù. Bí owó bá ti ń wá láti ara ewé nìkan, tí ẹnikẹ́ni kò sì ka owó ẹja tí ó sọnù, ìṣirò náà kò pé.

Nítorí náà, ohun méjì ni a fi ń bẹ ẹgbẹ́ wa. Èkíní, kí a gbé ọjọ́ kíkó ewé wa kúrò ní oṣù kẹwàá sí oṣù kẹrin, kí a sì lọ sí àwọn whédo àti kọ̀rọ̀ odò dípò èbúté tí fọ́tò ti ń dára. Kò ní jọ ohun ńlá lójú olùwòran, nítorí pé ewé tí a ó rí kó kò ní pọ̀. Pé kò pọ̀ gan-an ni èrè rẹ̀. Èkejì, kí a fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ìwé àkọsílẹ̀ kan ní èdè Yorùbá àti Faransé, kí wọ́n máa kọ ọjọ́ tí jasẹ́ǹtì kọ́kọ́ dé, ọjọ́ tí omi dá iyọ̀, iye kòkòrò tí wọ́n rí lára ewé 20 tí wọ́n bá ṣà, àti ọjọ́ tí ọkọ̀ kò lè kọjá lọ sílé-ìwé. Nígbà tí ó bá di ọdún márùn-ún, a ó ní ìmọ̀ nípa omi wa tí kò sí nínú ìwé kankan.

Ọmọbìnrin tí ó bi wá ní ìbéèrè ti kọjá sí kíláàsì mìíràn. Ó ń ka ìwé ìmọ̀ ẹ̀dá, ó sì ṣì máa ń bá ìyá rẹ̀ tu ọkọ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀. Irú rẹ̀ pọ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Bí a bá lè fi èdè ilé wọn sọ fún wọn ìdí tí ẹ̀dá kan fi ń pọ̀ àti ohun tí ń dá a dúró, àwọn ni yóò tọ́jú omi yìí lẹ́yìn wa. Oṣù kẹrin kò jìnnà. Ẹni tí ó bá ní ọkọ̀, kí ó jọ̀wọ́ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́.